Ilé Gogoro Inú Kùrukùru

Bí mo bá sọ pé n kò fara mọ́ ọn ńkọ́? Kí n kàn dìde báyìí, kí n ní, Alága, n kò fara mọ́ ọn... Kí ni wọ́n á ṣe? Wọn ò ní pa mí. Wọn ò ní lé mi nílùú. Wọ́n á kàn wò mí ni. Ìwò yẹn gan-an ni mò ń bẹ̀rù. Àwọn tí a jọ ń gbin atalẹ̀, àwọn tí a jọ gbé òkú ọkọ mi lọ sí etí odò fún ìsìnkú, kí wọ́n yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà nínú gbọ̀ngàn yìí bí ẹni pé mo tutọ́ sínú oúnjẹ wọn.

Tíì mi ti tutù. Wàrà orí rẹ̀ ti di awọ. N kò lè mu ún, n kò sì lè gbé e kúrò níwájú mi, nítorí ife yóò dún.

Ẹ̀gbọ́n Harkaraj, alága wa, ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó ti dìde, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí àwòrán ńlá tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri. Ilé gogoro ìwòran ti Òkè Thumki, ògo ìjọba ìbílẹ̀ Sirupa. Nínú àwòrán yẹn, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Àwọn òkè oníyìnyín funfun báláú lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn àlejò òyìnbó dúró sókè ténté, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, atẹ́gùn ń fẹ́ wọn nírun.

Mo wo ojú fèrèsé. Kùrukùru. Àní n kò rí ọ̀nà tó gba iwájú gbọ̀ngàn kọjá. Láti ìgbà tí oṣù Asar ti wọlé, tí òjò ti dé, n kò tíì fojú kan Òkè Thumki fúnra rẹ̀. Òkè tí a kò rí, òun ni a fẹ́ kọ́lé lé lórí kí a lè máa ríran.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ fi í ṣẹ̀rín. Ó ń họ atalẹ̀ lẹ́bàá ààrò nígbà tí mo sọ fún un.

"Ilé gogoro? Lórí òkè?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.

"Òkè yẹn fúnra rẹ̀ kò wá ga tó ni?"

Mo ní àwọn àlejò ni yóò máa gùn ún, kí wọ́n lè rí ọ̀nà jíjìn.

"Jasmati, èmi ti ń gun òkè yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọlé ọkọ. Mo gùn ún pẹ̀lú oyún, mo gùn ún pẹ̀lú igi ìdáná lẹ́yìn. Kùrukùru ni mo ń rí. Tí ẹ bá ti dókè ilé yín tán, ẹ bá mi kí i." Ó wá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, mo ní láti bá a gbá ẹ̀yìn.

Ó rọrùn fún un láti rẹ́rìn-ín. Òun kọ́ ni igbákejì alága. Òun kọ́ ni wọn yóò...

Kí ló ń jẹ mí lẹ́sẹ̀ yìí? Áà. Eṣúṣú. Àárín ọmọ ìka ló fi ara pamọ́ sí, ó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, ó rí róbótó. Láti ibi oko ìrẹsì ni mo ti gbé e wá, nítorí mo kọ́kọ́ yà síbẹ̀ lówùúrọ̀ kí n tó wá ìpàdé. Gbogbo wa ló yà. Bí mo ṣe wo abẹ́ tábìlì, ẹrẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀, àfi ọkùnrin kan tó jókòó níwájú, ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèlú wa rán wá láti olú ìlú àgbègbè. Bàtà tirẹ̀ ń dán. Ìborùn funfun tí wọ́n fi kí i káàbọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń fi ìka lọ́ ọ bí ẹni tó ti ń rò nípa oúnjẹ ọ̀sán.

Òun ló mú àwòrán yẹn wá. Ó dá mi lójú. Irú rẹ̀ kan náà ni wọ́n fi hàn ní ìlú kejì, òyìnbó kan náà, ẹ̀rín kan náà.

Mo tẹ eṣúṣú náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi ni.

Àbí ẹ̀rọ omi... Àbí kí n kàn dárúkọ ẹ̀rọ omi, kí n má sọ pé n kò fẹ́ ilé gogoro? Kí n ní, Alága, ilé gogoro dára púpọ̀, ṣùgbọ́n bóyá lẹ́yìn omi... Ẹnjiníà wa sọ pé ó ṣeé ṣe. Ẹ̀rọ kan létí odò, páìpù gba ẹ̀gbẹ́ òkè gòkè, ilé ìwòsàn á rí omi, àwọn ilé òkè náà á rí. Ó ti yà á sórí ìwé, ó ti wọn ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e tọ Ẹ̀gbọ́n Harkaraj lọ, ó wò ó dáadáa, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn mí kanlẹ̀ ni.

"Àbúrò, inú ilẹ̀ ni páìpù ń wà. Ta ló máa ń wá láti olú ìlú kó wá ya fọ́tò pẹ̀lú ohun tó wà nínú ilẹ̀?"

Mo ní àwọn aboyún kò bèèrè fọ́tò.

"Mo mọ̀," ló wí. "Mo mọ̀, àbúrò."

Ó mọ̀. Ohun tó ń dá mi lágara nìyẹn. Bó bá jẹ́ òmùgọ̀ ni, bó bá jẹ́ olè, ara ìbá tù mí, n ó kàn bú u. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ni kò sùn ní gbogbo àkókò tí òkè ya lu ojú ọ̀nà tó sì bo ọkọ mi mọ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń hú òkúta. Òun ló wá bá mi láàárín àwọn obìnrin oko atalẹ̀, tó ní, "Ẹni tó lè mú kí àwọn obìnrin wọ̀nyí tà papọ̀ láìjà, ó lè jókòó sí ìgbìmọ̀." Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó gbé orúkọ mi síwájú ẹgbẹ́, ó bá mi rìn láti ilé dé ilé. Ẹni tó fa èèyàn gòkè, a kì í ta á nípàá lórí àtẹ̀gùn.

Ṣùgbọ́n Sukmaya ńkọ́?

N kò fẹ́ ronú nípa Sukmaya nísinsìnyí. Ìrònú rẹ̀ ló ń wá fúnra rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, mo ń bọ̀ láti ọjà, mo pàdé òun àti ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ọkọ rẹ̀ wà níwájú, ó fi okùn gbé kẹ́ẹ̀gì omi kọ́ iwájú orí, omi náà wúwo débi pé ọrùn rẹ̀ tẹ̀. Sukmaya ń bọ̀ lẹ́yìn, ó di ikùn mú, ó ń dúró, ó ń rìn, ó ń dúró. Mo ní, ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ni ẹ ń fi omi ṣe? Ọkọ rẹ̀ wò mí bí ẹni pé èmi ni n kò gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ bímọ kó gbé omi tirẹ̀ dání."

Mo gba ọwọ́ Sukmaya, a jọ rìn débẹ̀. Nọ́ọ̀sì Rejina dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò kọ́kọ́ wo aboyún, kẹ́ẹ̀gì ló wò. Ó mì í wò bóyá ó kún. Nígbà tó rí i pé mo ń wo òun, ojú tì í, inú sì bí i pé ojú ti òun.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, Igbákejì. Ẹ ti kó bẹ́ẹ̀dì wá, ẹ ti kó ìbọ̀wọ́ wá, ẹ kun ògiri ní búlúù. Ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n n kò lè fi kùrukùru wẹ ọmọ."

Ọmọ náà yè. Obìnrin ni. Ó ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, kò léyín, ẹnu rẹ̀ rí bí ti ìyá ọkọ mi. Ṣùgbọ́n Rejina ti kọ̀wé pé kí wọ́n gbé òun kúrò ní Sirupa, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn tó lómi lòun fẹ́ máa ṣiṣẹ́. Bó bá lọ, ta ló máa wá?

A ti ní táǹkì omi rí. Ìyẹn ló tiẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín ẹkún. Táǹkì dúdú ńlá, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Sirupa tó wà ní Hong Kong ló fi ta ilé ìwòsàn lọ́rẹ. Kí n tó dé inú ìgbìmọ̀ ni. Ọkọ̀ akẹ́rù gbé e gba gbogbo kọ́nà láti ìsàlẹ̀, láìsí ewu, àfi ìgbà tó dé ẹnu ìlú, níbi tí ìgbìmọ̀ àtijọ́ kọ́ ẹnu ọ̀nà ńlá sí, ẹnu ọ̀nà oníkọnkéré, tí wọ́n kọ "Ẹ Káàbọ̀ sí Sirupa" sí lára, tí wọ́n fi dírágónì sí apá ọ̀tún àti apá òsì. Táǹkì kò gbabẹ̀ kọjá. Ó ga jù. Awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó wo òkè, ó wo táǹkì, ó ní, "Ẹ ní ẹ káàbọ̀, ẹ sì ti ilẹ̀kùn." Wọ́n bá já a sílẹ̀ kí wọ́n lè yí i gba abẹ́ rẹ̀. Ó sì yí lóòótọ́. Ó yí, ó yí, ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó gba inú oko atalẹ̀ mi kọjá, ó lọ fi orí sọ òkúta. Ó là sí méjì. Ewúrẹ́ ló ń sá òjò sínú rẹ̀ báyìí.

A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Kí la ò bá ṣe? Ìlú kan tó ná owó tó pọ̀ láti kí àlejò káàbọ̀, tí omi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí kò lè wọlé.

Àtẹ́wọ́. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Kí ló sọ? Mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù... Ó ní ọdún ìṣúná ti ń parí lọ. Ó ní owó tí a kò bá ná, yóò padà sọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Kathmandu, wọn yóò sì sọ níbẹ̀ pé àwọn ará Sirupa kò mọ ohun tí wọ́n ń fi owó ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ ká ná an kó tó lọ. Bí ẹni tó ń jẹun kó má bàa ṣẹ́kù fún ajá, tí inú ń run ún, síbẹ̀ tó ń jẹ.

Ó ti yí ohùn padà. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ.

Má sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Jọ̀ọ́, má sọ ọ́.

Ó ní, wo àwọn ilé wa, àgbàlagbà àti ìkókó ló kù. Àwọn ọmọ wa wà ní Qatar, wọ́n wà ní Malaysia, wọ́n ń fi òógùn kọ́ ilé ẹlòmíràn. Bí àlejò bá ń wá, ilé ìtura á dé, ilé tíì á dé, iṣẹ́ á dé, àwọn ọmọ á padà. Kò wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ti wò mí tẹ́lẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, lórí àga ìta ilé mi, ó mú ife ọtí ọkà dání, kò mu ún.

"Jasmati, àbí o kò fẹ́ kí Subin padà wálé ni?"

Ó dùn mí dé egungun. Subin, ọmọ mi kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà ló wà ní Malaysia, ooru ibẹ̀ ti mú kó rù, mo rí i lórí fóònù. Bí mo bá tako ilé gogoro yìí, tí Subin kò sì padà mọ́ láéláé... Ṣé kì í ṣe èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn?

Mo pè é láàárọ̀ òní. Mo rò pé yóò fi í ṣẹ̀rín bíi ti ìyá àgbà rẹ̀. Rárá o. Inú rẹ̀ dùn!

"Màmá, mo ti rí àwòrán ẹ̀! Ó rẹwà o! Mo ti fi han gbogbo àwọn ará yàrá mi. Àwọn ọmọ Bangladesh ní irọ́ ni, pé ìlú wa kọ́."

Mo bi í: Bí wọ́n bá kọ́ ọ tán, ṣé wàá wálé?

Mo ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀. "N ó wá wò ó, Màmá. Tí mo bá gba ìsinmi."

N ó wá wò ó.

Mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri láti òwúrọ̀ bí òkúta nínú bàtà. Nínú oko, bí mo ti tẹ̀ ba, tí mò ń fi ìrẹsì gún ẹrẹ̀, ó ń dún létí mi. Yóò wá wò ó. Yóò wá wò ó kó lè ya fọ́tò, kó gun orí rẹ̀, kó sọ̀kalẹ̀, kó mú báàgì rẹ̀, kó padà sọ́dọ̀ àwọn ará yàrá rẹ̀. Wíwò kọ́ ni gbígbé. Ọmọ tó bá fẹ́ gbé ìlú á fẹ́ ìyàwó, ìyàwó á lóyún... kí ni yóò wá gbé lọ sí ilé ìwòsàn, àwòrán? Ọmọ mi á ní láti gbé kẹ́ẹ̀gì kọ́rí bí ọkọ Sukmaya. Ẹ̀gbọ́n Harkaraj, ṣé ìwọ náà kò rò ó débẹ̀ ni?

Ó rò ó. Ó ti rò ó. Ó ní, mo mọ̀, àbúrò.

Kí ló wá dé tó fi...

Ó ti sọ̀rọ̀ tán. Ó gbé ọ̀pá sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀?"

Yóò gbá tábìlì báyìí. Mo mọ bó ṣe ń ṣe é, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Nígbà ọ̀rọ̀ ọkọ̀ jíìpù tí ìgbìmọ̀ fẹ́ rà, Dilkumari tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ alátakò ti ya ẹnu, ọ̀rọ̀ ti dé ètè rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ alága ti dún lórí pákó: ìpinnu ti wọlé! Òun kì í fún èémí láàyè láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn. Mo ń dúró de ìró rẹ̀.

Kò dún.

Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Kò gbé e sókè.

Ọkùnrin bàtà dídán gbé orí sókè díẹ̀, ó wo alága, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Òjò ń lu páànù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Dilkumari ń hun fìlà ọmọ tuntun láti ìgbà tí ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Abẹ́rẹ́ náà ti dákẹ́.

Kí ló ń dúró dè?

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Ẹ̀gbọ́n Harkaraj tún wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó sọ ọ́ o." Ó wá wò mí. Kì í ṣe ìwò ìkìlọ̀. Mo mọ ojú ọkùnrin yìí, mo mọ̀ ọ́n nínú ọ̀fọ̀, mo mọ̀ ọ́n nínú ayọ̀ ìbò. N kò tíì rí i báyìí rí. Ìwò ẹni tó dúró sáàárín odò pẹ̀lú ẹrù lórí ni, tí kò lè pe ẹni tó wà létí odò, nítorí ẹni tó ni ẹrù wà níbẹ̀, ó ń gbọ́.

Ẹni tó dá lójú kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó dá lójú kì í wá jókòó sí ìta ilé opó ní ìrọ̀lẹ́, kó máa fi ọwọ́ yí ife ọtí tí kò mu. Mo rò pé ó wá tẹ̀ mí lórí ba ni. Nígbà tó bi mí nípa Subin, mo dákẹ́. Ó jókòó pẹ́ lẹ́yìn náà, ó ń wo ẹnu mi. Mo rò pé ó ń dúró kí n gbà. Áà... bóyá ó ń dúró kí n kọ̀ ni. Bóyá ó wá gbọ́ bí ìkọ̀ ṣe ń dún lẹ́nu ẹlòmíràn, nítorí tirẹ̀ kò ní àyè láti jáde. Bí alága bá kọ̀, ẹgbẹ́ á ní ó ti di ọlọ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìgbìmọ̀ bá kọ̀ — bí àwọn obìnrin bá fọhùn, tí igbákejì rẹ̀ sì ṣíwájú wọn — yóò nawọ́ sí ọkùnrin yìí, yóò ní, ẹ ti rí i, kò sí lọ́wọ́ mi.

Gbogbo òwúrọ̀ yìí mo rò pé ògiri ni mo fẹ́ forí sọ. Mo sì ti ń bẹ̀rù ìwò wọn. Wọ́n ń wò mí báyìí o. Gbogbo wọn. Padam tó máa ń sùn nínú ìpàdé kò sùn. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn ti tẹ̀ síwájú lórí àga. Kò sí ẹni tó wò mí bí ẹni tó tutọ́ sínú oúnjẹ. Wọ́n wò mí bí a ṣe ń wo ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ ti ẹsẹ̀ bọ odò nígbà òjò, kí a lè mọ ibi tí ó jìn dé.

N kò mọ̀ bóyá n ó rí i sọ dáadáa. Ohùn mi lè gbọ̀n. Ọkùnrin yẹn lè rẹ́rìn-ín, ẹgbẹ́ lè yọ orúkọ mi kúrò nígbà ìbò tó ń bọ̀, ilé gogoro yẹn sì lè dúró síbẹ̀ náà lọ́jọ́ kan. Kò burú. Mo mọ gbólóhùn àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ omi ni. Ìyókù á tẹ̀lé e.

Àga mi dún bí mo ṣe tì í sẹ́yìn. Mo ti wà lórí ìdúró. Dilkumari fi abẹ́rẹ́ àti òwú sílẹ̀ lórí itan, òun náà ti ń ti àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Alága," ni mo wí.

N kò tíì fi kún un. Kò sí ẹni tó tíì gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, ọwọ́ ọkùnrin bàtà dídán kò tíì kúrò lára ìborùn tó ń lọ́. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n Harkaraj ti mí kanlẹ̀, mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà. Ó fa àga rẹ̀ mọ́ra. Ó jókòó.